Ta Ló Pe Orúkọ Dókítà?

Ojú ìwé mọ́kànlélógún ni CV Màmá Dókítà lọ́dún tí ọ̀rọ̀ ìgbéga rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Wáàdù ni kì í jẹ́ kó ráyè. Tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Baálẹ̀, n'Òṣogbo, á na flash sí mi, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì máa ń jókòó lé, á sì sùn lọ. Oorun àsùn-hanrun. Jẹnẹrétọ̀ mi tó ń han létí ilẹ̀kùn kì í jí i. Ìgbà tí mo bá pa jẹnẹrétọ̀ ló máa ń jí.

Dókítà ọpọlọ àti iṣan ni. Àwọn ará ìlú a máa rò pé dókítà wèrè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ti sú u láti máa ṣàlàyé. Rọpárọsẹ̀, wárápá, àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n láìsí òtútù, àwọn àgbà tí wọ́n ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí, ẹ̀fọ́rí tó ti lé lọ́dún kan: àwọn wọ̀nyí ni tiẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìgbéga kò béèrè bóyá ó ń rí oorun sùn. Ó béèrè iye pépà tó ti kọ, iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíì ti tọ́ka sí wọn, àti nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní h-index. Pépà ni àwọn ará yunifásítì ń pe àpilẹ̀kọ ìwádìí tó bá jáde nínú jọ́nà, ó sì ti mọ́ èmi náà lẹ́nu. Ìtọ́kasí, mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n h-index! Mo rò pé àrùn ni.

Ohun tó jẹ́ kí ìtọ́kasí tètè yé mi ni pé bàbá tó bí ìyá mi gbọ́ Ifá. Bí bàbá bá ń kì í, kì í kàn já lu ìtàn. Á kọ́kọ́ dárúkọ awo tó dá Ifá náà, á ní òun ló díá fún lágbájá lọ́jọ́ tí lágbájá ń lọ síbi báyìí. Orúkọ awo, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó lọ dáfá, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fo orúkọ awo, wọ́n á ní kò tíì mọ̀ ọ́n kì. Ohun tí àwọn onípépà náà ń ṣe nìyẹn: kó o tó sọ tìẹ, sọ ẹni tó ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé n kò rí babaláwo kan rí tó jókòó ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ awo kan láti fi mọ̀ bóyá oyè tọ́ sí i.

Ìṣirò yẹn, ọ̀gbẹ́ni Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eugene Garfield ló la ọ̀nà rẹ̀. Ní 1955 ló kọ ọ́ síta pé ó yẹ kí ìwé kan wà tí yóò máa fi pépà tó tọ́ka sí pépà mìíràn hàn. Ní 1964 ó tẹ ìwé náà jáde, ó pè é ní Science Citation Index. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń wá ìmọ̀ lè gba orí pépà àtijọ́ bọ́ sórí tuntun tó ń bá a fa ọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń fi wọn èèyàn, bí wọ́n ṣe ń fi kóńgò wọn gààrí.

Màmá Dókítà fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé h-index fún mi, pẹ̀lú ojú oorun. Ó ní kí n rò ó bí òkìtì iṣu l'Ọjà-Ọba. Pépà kọ̀ọ̀kan ni òkìtì, ìtọ́kasí ni iṣu orí rẹ̀. Gbé òkìtì tó tóbi jù síwájú, kí o tò wọ́n sẹ́yìn títí dórí èyí tó kéré jù. Wá máa kà á bọ̀: òkìtì kìíní, ṣé ó tó iṣu kan? Ìkejì, ṣé ó tó méjì? Ìkẹta, ṣé ó tó mẹ́ta? Ibi tí iṣu kò bá ti tó nọ́mbà òkìtì mọ́, dúró, kí o sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Nọ́mbà tó o dúró lé ni tìẹ. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì kan ní California, ló gbé e kalẹ̀ ní 2005. Físíìsì o, kì í ṣe ìṣègùn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé òkìtì ńlá kan ṣoṣo kò lè sọ èèyàn di olówó iṣu. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í dínkù láé, àní bí ẹni náà bá ti kú, ọmọdé olùwádìí kò sì lè bá àgbà du ú.

Ó yé mi. Mo ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí Google Scholar, ibi tí Google ti ń kó pépà àti ìtọ́kasí jọ, kí n lè da nọ́mbà rẹ̀ kọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Pépà mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, h-index 6. Mo jí i. Ó ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lòun kọ. Mo tún un kà. Mẹ́tàlélógún. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ yín jẹ mọ́kànlá ni?”

Orúkọ ni. Kó tó lọ́kọ ló ti ń kọ pépà, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì wà lórí àwọn ti ìgbà náà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ti ọkọ. Nínú pépà méjì ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Jọ́nà kan gbé orúkọ rẹ̀ síwájú, ó fi orúkọ ìdílé sẹ́yìn. Òmíràn dà á rú, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ wá di orúkọ ìdílé rẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni jọ́nà tó fẹ́ ṣe dáadáa, tó ní òun á fi àmì sí orúkọ Yorùbá bó ṣe yẹ. Gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ló di àpótí kékeré tó ṣófo. Ẹ̀rọ tó ń kó pépà jọ kò mọ̀ pé ọmọ bàbá yìí, ìyàwó ilé yẹn àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ kún fún àpótí jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì mi.

Láti 2012 ni wọ́n ti ń fún àwọn olùwádìí ní nọ́mbà kan tí wọ́n ń pè ní ORCID, ẹyọ mẹ́rìndínlógún, tí kì í yí padà bó lọ́kọ, bó kọ ọkọ. Ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n nọ́mbà yẹn kì í wá ohun tó ti kọjá lọ fúnra rẹ̀. Èèyàn ni yóò máa fọwọ́ kó àwọn pépà àtijọ́ sínú rẹ̀, kó sì tún kó wọn sórí ojú ewé Google Scholar, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Mo ń wá a, ó ń ní “tèmi ni” tàbí “tèmi kọ́, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn nìyẹn, ẹ má jí tiẹ̀”. Nígbà tá a parí, mo tún ojú ewé náà ṣí. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. h-index 8.

“Mo sùn ní mẹ́fà,” ló wí, “mo jí ní mẹ́jọ.”

Mo bi í bóyá àwọn dókítà ọkùnrin náà ń rí irú ìyà báyìí. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun ra omi inú ọ̀rá.

Nígbà tí gbogbo òkìtì wá wà lójú kan, ni mo tó rí ohun tí mi ò tíì lè gbàgbé títí dòní. Ìtọ́kasí 741 ló ní lápapọ̀. Nínú rẹ̀, 503 wá látorí pépà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ àjọṣe ńlá ni pépà náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ka iye àwọn tí àìsàn ń bá jà káàkiri ayé, tí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé á pọ̀ débi pé wọ́n á fi alífábẹ́ẹ̀tì tò wọ́n bí ọmọ kíláàsì. Mo yí i sísàlẹ̀, mo yí i sísàlẹ̀, kí n tó kan orúkọ rẹ̀. Kò jí i kọ o. Ọdún méjì ló fi ń kó àkọsílẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní wáàdù rẹ̀ jọ fún wọn, lálẹ́, pẹ̀lú owó dátà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìṣirò kan wà nínú rẹ̀ tí òun kò lè dìde dúró ṣàlàyé.

Mo wá wá pépà wárápá. Òun ni mo mọ̀ jù, torí èmi ni mo tẹ ìwé ìbéèrè rẹ̀, tí mo sì fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìtọ́kasí mẹ́rin. Nínú mẹ́rin náà, méjì jẹ́ ti Màmá Dókítà fúnra rẹ̀. A lè ní ó ń ki ara rẹ̀ ní oríkì, ṣùgbọ́n bí ará ilé kò bá sí nítòsí, ta ni yóò ki i? Nínú ìṣirò òkìtì iṣu, pépà yìí jìnnà sẹ́yìn òkìtì kẹjọ. Bí ẹ bá gbé e jù sódò Ọ̀ṣun, h-index á ṣì jẹ́ mẹ́jọ.

Àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàrin ìgboro Òṣogbo ni ó fi pépà yẹn ṣèwádìí lé lórí. Ó bi wọ́n pé: ṣé itọ́ ẹni tí wárápá gbé lulẹ̀ lè ran ẹlòmíì? Ṣé ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù? Tí gírì bá mú un ní kíláàsì, kí lẹ máa ṣe? Mo ń tẹ àwọn ìbéèrè náà, èmi náà ń dáhùn wọn nínú ọkàn mi, mo sì kùnà. Mo gbà gbọ́ nípa itọ́. Mo mọ àwọn ìyá tí wọ́n ti ro àgbo ìtọ̀ màlúù sọ́mọ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ṣíbí ni èèyàn máa ń kì bọ eyín, kó má gé ahọ́n jẹ. Lẹ́yìn ìbéèrè ló wá kọ́ wọn: itọ́ kì í ràn án. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ṣíbí lè ká a léyín, ó sì lè dí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹ gbé nǹkan líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ wo aago. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni. Ó ní kí n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́, ká làmínéètì rẹ̀, ká fún iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan. Owó làmínéètì ọ̀hún, kò sí ibì kankan nínú fọ́ọ̀mù ìgbéga tí wọ́n ti béèrè rẹ̀.

Ó máa ń sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bàbá ẹni. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni, dókítà ọpọlọ àti iṣan ni òun náà, Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1960 ló ti ń lọ bá àwọn ará abúlé ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣú, tí wọn kò lè rìn tààrà mọ́, tó sì so àìsàn wọn mọ́ májèlé inú pákí tí wọn kò ṣe dáadáa. Ní 1987, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iye àwọn tó ní wárápá n'Ígbó-Ọrà jáde, 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó kú ní 1995. Google Scholar bẹ̀rẹ̀ ní 2004, h-index dé ní 2005. “Bàbá kò mọ h-index ara rẹ̀ títí tó fi lọ,” ni Màmá Dókítà wí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì dà bí ẹni pé ó ń jowú rẹ̀.

Èmi wá sọ pé bóyá ayé kàn kì í ka tiwa ni. Ó ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní kí n wo pépà tó jáde ní 2001 nínú JAMA, jọ́nà ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá n'Ibadan wé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún jẹ́ 1.35 n'Ibadan, 3.24 ní Indianapolis. Ayé tọ́ka sí i, wọ́n ṣì ń tọ́ka sí i. “Ẹ bi mí,” ló ní, “ká ní Ìbàdàn àti Ìkìrun ni wọ́n fi wé ara wọn ńkọ́?” Mi ò bi í. Ó ti dáhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tajà ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi ń wọn èèyàn, ọjà á yọ nídìí rẹ̀. Lẹ́tà ìmélì tó ń wọlé sí àpótí Màmá Dókítà lójúmọ́ ju ti olóṣèlú lọ. Jọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ń pè é ní olókìkí àgbáyé, wọ́n ní kó fi pépà ránṣẹ́, àwọn á gbé e jáde láàrin ọjọ́ mẹ́ta, kó ṣáà ti san dọ́là. Ọ̀kan kọ ọ́ sí i pé inú àwọn dùn sí iṣẹ́ ribiribi tó ṣe lórí àrùn ẹja. Olùkọ́ kan ní iléèwé gíga kan (mi ò ní dárúkọ ẹni náà, mi ò sì ní dárúkọ iléèwé náà) gbé ẹ̀dà pépà kan wá fún mi rí, ó ní kí n bá òun fi ẹ̀rọ gbé orúkọ òun láti ipò karùn-ún bọ́ sí ìkíní. Ó fi owó tó jọjú lé e. Mo sọ fún un pé íńkì ti tán. Íńkì ò tán.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ àáró ni wọ́n ń ṣe: bá mi ro oko mi lónìí, kí n bá ọ ro tìẹ lọ́la. Bá mi tọ́ka, kí n bá ọ tọ́ka. Ní 2013, jọ́nà mẹ́rin ní Brazil wà lára àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò ìtọ́kasí jọ́nà nítorí irú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló sì ni àáró láti ilẹ̀, iṣu gidi ló sì ń ti ìdí rẹ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀ pípọ̀ ìtọ́kasí kì í ṣe òtítọ́ ọ̀rọ̀. Pépà kan jáde ní 2006 nínú Nature, jọ́nà tó lókìkí gan-an, pé nǹkan kan báyìí nínú ọpọlọ eku ló ń fa ìgbàgbé, pé ọ̀nà tá a máa gbà rí Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, mú nìyẹn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà tí àwọn ẹlòmíì tọ́ka sí i. Ní 2022 ni àríwísí wá jáde lórí àwọn àwòrán inú rẹ̀, pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fọwọ́ kàn wọ́n. Ní 2024 wọ́n fà á padà. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló pe orúkọ awo náà kí wọ́n tó gbà pé kò yẹ kí wọ́n tún fi kì. Ní ìdà kejì, James Parkinson, dókítà ará London kan, kọ ìwé pélébé nípa àwọn tí ara wọn ń gbọ̀n ní 1817, ó sì kú ní 1824. Ó tó bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìwé náà kí Charcot, dókítà ọpọlọ kan ní Paris, tó fi orúkọ Parkinson pe àìsàn ọ̀hún. Ká ní ìgbìmọ̀ ìgbéga kan jókòó lé e lórí nígbà ayé rẹ̀, èmi ni ǹ bá tẹ òfo sí ìlà ìtọ́kasí.

Ìgbéga yọ nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀ àti ẹ̀dà mẹ́fà tí mo fi síípírà dì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ láàrin ìgbà yẹn, nítòsí Ọláìyá. Mo ń dúró de ọ̀kadà. Ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà, bóyá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣubú lulẹ̀ lójijì, ó ń jà pìtìpìtì, ìfóòfó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn sá sẹ́yìn. Ìyá oníràìsì tó wà níbẹ̀ nìkan ló sáré wá, ṣíbí ìbùsì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ọpọlọ mi tó mọ̀: “Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu!” Mo ká jàáńpá mi sábẹ́ orí rẹ̀. Èmi àti ọ̀gá rẹ̀ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Itọ́ rẹ̀ kún ọwọ́ mi. Ẹnìkan ń pariwo pé mo ti kó o, mo ti kó o. Ìyá oníràìsì dúró lé wa lórí pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ó dáwọ́ dúró. Ọmọ náà lajú, ó ń wojú wa bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ojú ń tì í.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá Dókítà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé yóò yìn mí. Ohun tó bi mí ni, “Ìṣẹ́jú mélòó?” Mi ò wo aago. “Bàbá Ìbejì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, pé kí wọ́n wo aago!” Inú bí i gidi. Ó ní kí n wá ọmọ náà kàn kó wá rí òun ní wáàdù. Ọ̀gá rẹ̀ mú un wá lọ́sẹ̀ kejì.

Sàúdí ni Màmá Dókítà wà báyìí. Ó ní òun á padà. Mo máa ń ṣí ojú ewé rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí oníbàárà bá tán, bí èèyàn ṣe ń yọjú wo ilé aládùúgbò tó rìnrìn àjò. Nọ́mbà ń gòkè fúnra rẹ̀. Pépà ńlá náà ti kọjá ẹgbẹ̀rin. Lóṣù tó kọjá, mo rí i pé ti wárápá ti di márùn-ún. Àyà mi là, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n mọ ẹni tó pè é. Àwọn olùwádìí kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni, iṣẹ́ tó dáa. Mo wá ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ìlà kan ni, òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn nínú àkámọ́ kan: pé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà, àwọn olùkọ́ gbà gbọ́ pé itọ́ ń ràn án. Ó tán. Wọn kò sọ pé ó kọ́ wọn, wọn kò sọ pé èrò wọn yí padà.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ láti ojú kọ̀ǹpútà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Kò sọ nǹkan kan nípa márùn-ún. Ó béèrè bóyá ìwé tá a làmínéètì yẹn ṣì wà lára ògiri àwọn iléèwé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí èyí tó sún mọ́ mi jù. Ó wà níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Wọ́n ti lẹ pósítà olóṣèlú kan bo ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, oòrùn sì ti jẹ lẹ́tà pupa tó kù. “Ẹ má fi ṣíbí” nìkan ló ṣeé kà. Ìlà aago ti wà lábẹ́ ojú olóṣèlú. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo wá fáìlì rẹ̀, mo tún un tẹ̀ ní dúdú, ẹ̀dà mẹ́wàá, mo sì gbé ìlà aago lọ sókè pátápátá.